Skánà Ò Ní Kí Ẹ Lọ Ra Tọ́tù

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òdògbolú lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó ti àwo ìkọ́kọrẹ́ mi jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan nídìí tábìlì wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó ní ọkọ̀ òun kò fà mọ́, ó kàn ń rá pálá lójú títì, iná ẹ́ńjìnnì sì tàn. Wọ́n ti fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, sí i, skánà ní tọ́tù ló bàjẹ́, ìyẹn throttle, ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ó ti ra throttle tókunbọ̀ kan, kò yí padà, ó fẹ́ ra òmíràn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó?” Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. “Àǹtí, kọ̀ǹpútà kì í parọ́.” Gbogbo tábìlì ló mi orí.

Kọ̀ǹpútà kò parọ́ lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ohun tó sọ.

Mo ní kí wọ́n fi ohun tí skánà kà hàn mí. Wọ́n ti ya á sórí fóònù: kóòdù P2138. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni Throttle/Pedal Position Sensor/Switch D/E Voltage Correlation. Mẹkáníìkì ti rí throttle ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ka ìyókù. Bẹ́ẹ̀, kóòdù míì wà, P2135, tí àlàyé rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́, àfi pé A/B ló wà níbi tí D/E wà. A àti B ni sẹ́ńsọ̀ méjì, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi fóltéèjì ròyìn, tó wà lára throttle lórí ẹ́ńjìnnì. D àti E ni méjì tó wà lára pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Nítorí lẹ́tà méjì, ẹ̀gbọ́n ra ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti fi wo àìsàn tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹnu àwa náà sì dá kún un: èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tọ́tù là ń pè é; èyí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, tọ́tù náà ni.

Nínú ìwé àtúnṣe Toyota, ohun mẹ́ta ni wọ́n kà sílẹ̀ pé wọ́n lè fa P2138: wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì tó kan ara wọn, sẹ́ńsọ̀ ìdí pẹ́dà, àti brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Wọn ò dárúkọ throttle. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ò dárúkọ ẹ̀, ẹ wá fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Láyé àtijọ́, okùn irin ló máa ń ti ìdí pẹ́dà lọ sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, okùn fà, ilẹ̀kùn throttle ṣí, atẹ́gùn wọlé. Nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí kò sí okùn kankan mọ́. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà nídìí pẹ́dà, oníkálukú ń fi fóltéèjì sọ fún brain box bí ẹsẹ̀ yín ṣe wúwo tó, brain box á wá rán mọ́tò kékeré kan kó ṣí throttle. Méjì ni wọ́n fi sí i kí ọ̀kan lè jẹ́ ẹlẹ́rìí sí èkejì. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá bára mu, brain box ò ní gba ẹnì kankan gbọ́: á fi throttle sílẹ̀ ní ihò kékeré kan, kí ẹ lè rá dé ilé. Ohun tó ń ṣe yín lójú títì nìyẹn. Ọkọ̀ yín ò kú, ó ń ṣọ́ra ni.

Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá ọdún 2023 ni tèmi ṣẹlẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ń gbóná fún Ojúde Ọba, èmi ń gbé gàrí ìyá mi lọ sí Èkó, àpò mẹ́fà. Mo ti kọjá Òdògbolú, mo ń sún mọ́ Ṣàgámù, ni agbára bá dá lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò dáhùn. Tírélà ń fun fèrè lẹ́yìn mi bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Mẹkáníìkì tó wò ó fi skánà sí i, ó ní tọ́tù. Mo ra tókunbọ̀ kan ní ₦45,000. Ọjọ́ méjì ló fi dáa. Lọ́jọ́ kẹta a tún padà sí ẹsẹ̀ ìgbín. Ó ní èyí tí mo rà ni kò dáa, kí n ra òmíràn. Mo sì rà á! Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní físíìsì, tí mo ń wọn fóltéèjì lójú wọn, mo tún ka ₦45,000 sílẹ̀ láì wọn ohunkóhun. Ìyẹn ń dùn mí ju owó náà lọ.

Ìgbà tí èkejì náà kọ̀ ni ojú mi là. Mo gbé mítà, mo pe ọmọ rewáyà kan ládùúgbò wa. A ṣí kọ́kọ́rọ́, a ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. A ò yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdí pẹ́dà. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín la kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti brain box: fóltì 5, ó pé. Wáyà earth sí orí òdì bátìrì: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. (Tí tiyín bá ju 0.1 lọ, earth ni kí ẹ lọ tún ṣe, kí ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀.) Sẹ́ńsọ̀ kìíní, 0.8. Èkejì, 1.6. Mo ń fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì ń gòkè pọ̀ bí ìbejì, wọn ò fò, wọn ò kọsẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ Toyota ṣe máa ń kà nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, ọ̀kan á jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì títí pẹ́dà á fi kan ilẹ̀. Pẹ́dà ò lẹ́ṣẹ̀.

A wá tú ìsàlẹ̀ pigeon hole, a wọn wáyà méjèèjì yẹn kan náà lẹ́nu brain box. Kìíní, 0.8. Èkejì, 0.9. Ẹ gbọ́ o: 1.6 ló gbéra nídìí pẹ́dà, 0.9 ló dé ilé. Mo mi ìdì wáyà náà báyìí, iye ojú mítà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò.

Eku ni. Ó ti jẹ wáyà kan títí ó fi ku fọ́nrán díẹ̀, ìyẹn náà sì ti dípẹtà, ó ti di aláwọ̀ ewé. Àpò gàrí Ìjẹ̀bú mẹ́fà ń sùn nínú ọkọ̀ mọ́jú, kí ni mo rò pé yóò wá, òkín? Ọmọ náà gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó fi lédì so ó, ó fi rọ́bà bò ó. ₦3,000 ló gbà. Títí di òní ọkọ̀ náà ò dán an wò mọ́.

Tó bá jẹ́ P2135 ni skánà kà, ìdí throttle ni kí ẹ gbé mítà lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ọ̀kan ṣe ń gòkè nibẹ̀ ni èkejì ń sọ̀kalẹ̀, àròpọ̀ wọn á sì wà nítòsí 5. Ti Toyota, méjèèjì ló ń gòkè. Ẹ má ki ìka bọ ẹnu rẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣí o, mọ́tò inú rẹ̀ lè pa ilẹ̀kùn náà dé mọ́ yín lọ́wọ́. Tí 5 ò bá dé rárá, sẹ́ńsọ̀ míì tí wọ́n jọ ń pín iná kan náà lè ti fà á wálẹ̀, ti gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù pàápàá. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yọ tí 5 padà, olè nìyẹn.

Wọ́n á ní, “Èmi pààrọ̀ tèmi, ó sì dáa.” Mo gbọ́. Ọjọ́ méjì ni tèmi náà fi dáa. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì, kóòdù parẹ́. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tún un kì, irin inú rẹ̀ nura mọ́. Ẹ lè ṣe gbogbo ìyẹn láì ra ohunkóhun.

Throttle máa ń bàjẹ́ o, mi ò sẹ́ ẹ. Eyín gíà inú rẹ̀ ń jẹ, mọ́tò rẹ̀ ń kú. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sin ín.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo èyí nídìí tábìlì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọn ò wá. Lánàá ni wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, throttle tókunbọ̀ kejì nínú ọ̀rá dúdú: “Àǹtí, èyí mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.” Mo béèrè ohun tí skánà ń kà báyìí.

P2138.