Ta Ló Ń Yẹ Òṣùwọ̀n Gáàsì Wa Wò?

Ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá fẹ́ ra gààrí yóò kọ́kọ́ yẹ ìdí kọ́ńgò wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ṣùgbọ́n bí ẹni yìí kan náà bá gbé sílíńdà dé ilé gáàsì, yóò sanwó, yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ló ṣáà wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀rọ kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ Gas Light and Coke Company, tó ń fi páìpù gbé gáàsì àtùpà wọ ilé, gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1812, iye àtùpà tó wà nílé oníbàárà àti wákàtí tó fi ń tàn wọ́n ni wọ́n fi ń gbowó. Ta ni yóò dúró ka wákàtí? Ni Samuel Clegg bá ṣe mítà olómi, ìlù kan tí gáàsì ń yí nínú omi. Bí omi bá fà, iléeṣẹ́ pàdánù. Bó bá pọ̀ jù, oníbàárà ló rà á. Lọ́dún 1844, Thomas Glover gbé mítà gbígbẹ jáde, tí awọ inú rẹ̀ ń fẹ̀, tó tún ń sún kì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Síbẹ̀, òǹtajà ni mítà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1859 ló ní kí aṣojú ìjọba máa yẹ mítà wò, kó sì lu òǹtẹ̀. Èyí tó bá fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ rẹ́ oníbàárà jẹ kò lè gba òǹtẹ̀. Bó bá jẹ́ òǹtajà ló ń pàdánù, wọ́n fàyè gba ìdá mẹ́ta. Ẹ rí ẹni tí wọ́n gbè.

Àwa náà ní òfin òṣùwọ̀n láti ọdún 1974, ìjọba àpapọ̀ sì ní ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí. Kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó dé, tí gbogbo ilé yóò máa dáná àlejò, kí wọ́n dé gbogbo ilé gáàsì láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí wọ́n lẹ òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ mọ́ ìwọ̀n, níbi tí ojú oníbàárà tó. Ìwọ̀n tó bá ń purọ́, kí wọ́n gbà á. Àwọn olóòótọ́ tó ń ta gáàsì ni ó yẹ kó kọ́kọ́ pariwo èyí, nítorí ẹni tó ń fi kílò tí kò pé dín owó ló ń kó oníbàárà wọn lọ.

Kó tó dìgbà náà, ẹ wo ọrùn sílíńdà yín. Wọ́n kọ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ síbẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti bò ó, ẹ ha á. Bí gáàsì bá ti tán nínú rẹ̀ pátápátá, ẹ ní kí wọ́n gbé e lé ìwọ̀n kí wọ́n tó rọ ohunkóhun. Bí ọrùn bá sọ pé kílò 14, tí ìwọ̀n ń pè é ní 15, ẹ gbé sílíńdà yín kọjá sí ilé gáàsì mìíràn.