Ẹ Yé Já Orí Bátìrì Láti Fi Dán Ọ́tánẹ́tọ̀ Wò

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí a ti ń kó ìrẹsì ní Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì, píkọ́ọ̀pù ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa kọ̀ láti sítáàtì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí a tì í tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn, ọmọkùnrin rìwáyà (ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe) tí wọ́n ránṣẹ́ pè mú sípánà 10, ó dojú kọ orí bátìrì tààrà, láti já wáyà rẹ̀ kó fi dán ọ́tánẹ́tọ̀ (ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún ọkọ̀) wò. Mo ní kó dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí o. Bí mo bá tú u tí ọkọ̀ bá kú, ọ́tánẹ́tọ̀ ló bàjẹ́. Bí kò bá kú, bátìrì ni kí wọ́n lọ rà." Awakọ̀ náà, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, gbè é lẹ́sẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ṣẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Adó, mo ti gbọ́ ọ ní Ìfàkì, mo ti gbọ́ ọ ní Ìkọ̀lé, ó sì ti sú mi, nítorí pé irọ́ ni, owó ńlá sì ni irọ́ náà ń ná àwọn ènìyàn wa.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́tánẹ́tọ̀ ń da iná sínú bátìrì, bátìrì ló sì ń gba iná náà mọ́ra tí kì í jẹ́ kó ga ju bó ti yẹ lọ. Bí ẹ bá já bátìrì kúrò lójijì, agbára tó wà nínú wáyà tí ń yí nínú ọ́tánẹ́tọ̀ kò lè kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, rẹgulétọ̀, ohun tí ń ṣàkóso iná ọ́tánẹ́tọ̀, kò sì yára tó láti dá a dúró. Iná tí kò ríbi wọ̀ mọ́ yóò fò sókè: nínú ọkọ̀ tó ń lo fóòtì 12 (fóòtì ni a fi ń wọn agbára tó ń ti iná), ó lè kọjá fóòtì 80, ó tilẹ̀ lè tó 100, fún àkókò tí kò pé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìwọ̀nba àkókò yẹn ti tó láti ba bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnnì) jẹ́, àti rédíò, àti dáyóòdù (ohun tí ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) inú ọ́tánẹ́tọ̀ gan-an tí wọ́n ní àwọn ń dán wò. Àwọn ọ́tánẹ́tọ̀ kan ní ohun tí ń dín ìfòsókè yìí kù, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́ kù ṣì máa ń tó nǹkan bíi fóòtì 35, ó sì ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kí ọkọ̀ rí lọ. Èyí tó ká mi lára jù ni pé bí bátìrì bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni iná tó ń fà ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfòsókè náà yóò sì ṣe le tó nígbà tí wọ́n bá já a. Ta ló sì ń já orí bátìrì bí kì í bá ṣe ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀? Èmi kò tíì mẹ́nu kan gáàsì tó ń jáde lára bátìrì tó ń gba iná, èyí tí ẹyọ ìtàpàrà kan lè mú bú gbàù sójú ẹni tó tẹ̀ ba lé e.

Ká tilẹ̀ ní kò ba nǹkan kan jẹ́, èsì tó ń mú wá kò ṣeé gbà gbọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n já orí bátìrì ọkọ̀ tèmi, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ, wọ́n ní ọ́tánẹ́tọ̀ pé, mo sì ra bátìrì tuntun. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú ẹrù ìrẹsì lẹ́yìn ọkọ̀, iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi ti àtùpà, ọkọ̀ sì kú sójú ọ̀nà. Rìwáyà mìíràn tó ní mítà tí a fi ń wọn iná ló fi hàn mí pé dáyóòdù kan ti kú nínú ọ́tánẹ́tọ̀. Iná tí ẹ́ńjìnnì nìkan ń lò kò pọ̀, ọ́tánẹ́tọ̀ aláàbọ̀ ara sì lè pèsè rẹ̀. Ìgbà tí mo tan iná iwájú, tí mo sì tan amúlétutù, ni àṣírí tú.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí ní àwọn àgbà ló kọ́ wọn. Ọkọ̀ tó ń lo dínámò, ẹ̀rọ iná àtijọ́ tó wà ṣáájú ọ́tánẹ́tọ̀, tí kò ní bíréènì bọ́ọ̀sì kankan, ni àwọn àgbà náà fi kọ́ṣẹ́. Mo gbà pé ẹlòmíràn lè já a nígbà ogún kí nǹkan kan má jó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di àyẹ̀wò.

Mítà ni àyẹ̀wò, kò sì wọ́n tó bátìrì kan. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tó kún yóò fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn, bó bá jẹ́ 12.2, ó ti lọ sí ìdajì. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n: láàárín 13.8 sí 14.5 ló yẹ kó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ píkọ́ọ̀pù, kò sì gbọdọ̀ já wálẹ̀ jìnnà nígbà tí ẹ bá tan iná iwájú àti fáànù inú ọkọ̀. Kí ẹ tó dá ọ́tánẹ́tọ̀ lẹ́bi, ẹ wo fáànù bẹ́líìtì bóyá ó ti dẹ̀, kí ẹ sì wọn ẹ̀yìn ọ́tánẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé iná lè pé níbẹ̀ kó má dé ọ̀dọ̀ bátìrì.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní Ìgbẹ̀mọ. Mo mú mítà tèmi jáde, ọmọkùnrin náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n: 14.3 lẹ́yìn ọ́tánẹ́tọ̀, 12.6 lórí bátìrì. Fóòtì 1.7 ló ń ṣòfò lójú ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé kò yẹ kó ju 0.3 lọ. Bó bá já orí bátìrì ni, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ kú, wọn ì bá sì ti lọ ra ọ́tánẹ́tọ̀ tòkunbọ̀ dípò èyí tí kò ṣe nǹkan kan. A pa ẹ́ńjìnnì, a tú wáyà tó wá láti ẹ̀yìn ọ́tánẹ́tọ̀, a sì rí i pé ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé. Ó gé ibi tó bàjẹ́, ó fi ẹnu tuntun sí i, a sítáàtì ọkọ̀, mítà sì ka 14.2 lórí bátìrì.