Ẹ Yé Sọ Pé Wọ́n Kàn Gbé Kátúùnù Sórí Ìtàgé

Ẹ̀gbọ́n kan tún sọ ọ́ níbi ìkómọ kan ní Peckham lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ẹnì kan ní òun fẹ́ mú àwọn ọmọ òun lọ wo The Lion King, eré olórin tí wọ́n ṣe látinú kátúùnù Disney, ní gbọ̀ngàn Lyceum ní London, ni ẹ̀gbọ́n wa bá fi ṣíbí lélẹ̀: "Kí lo fẹ́ lọ náwó sí? Fíìmù yẹn ṣáà wà nílé. Wọ́n kàn gbé e sórí ìtàgé ni, wọ́n da awọ ẹranko bo àwọn èèyàn. Owó ọ̀fẹ́ ni Disney ń jẹ." Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí. Mo dákẹ́ nítorí pé òde la wà, àmọ́ mi ò ní dákẹ́ níbí.

Kì í ṣe ẹnu ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣe tíátà fúnra wọn pàápàá ń sọ ọ́: pé kò sí iṣẹ́ nínú kí èèyàn sọ kátúùnù di eré olórin, torí ìtàn ti wà nílẹ̀, orin ti wà nílẹ̀, òkìkí ti kàn, ó ku kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n máa gbowó.

Ó dáa, The Lion King náà ni ká mú. Ìṣẹ́jú 88 ni fíìmù tó jáde ní 1994 yẹn. Ti orí ìtàgé ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀, pẹ̀lú ìsinmi àárín eré. Níbo ni wọ́n ti rí ìyókù? Kò sí nínú fíìmù. Àwọn kan ló jókòó tí wọ́n ronú kàn án.

Nígbà tí Michael Eisner, ọ̀gá àgbà Disney, kọ́kọ́ dá a lábàá, Thomas Schumacher tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ rò pé kò ṣeé ṣe rárá. Mi ò sì dá a lẹ́bi. Kò sí èèyàn kan ṣoṣo nínú ìtàn yẹn. Kìnnìún, ìkookò, ìmàdò, ọ̀bọ àti ẹyẹ ni gbogbo wọn. Ayàwòrán lè fa ìlà kan kí kìnnìún bojú jẹ́, kó fa òmíràn kó fò kọjá àfonífojì. Lórí ìtàgé, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń làágùn lo ní. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa rò pé wọ́n ṣe, ìyẹn kí wọ́n da awọ bo òṣèré láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, gan-an ni ohun tí Julie Taymor, olùdarí eré náà, kọ̀ láti ṣe.

Obìnrin yìí ti gbé Indonesia fún ọdún mélòó kan nínú àwọn ọdún 1970, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọmọlangidi àti ìbòjú ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú agbo. Òun àti Michael Curry ló jọ ṣe àwọn ìbòjú The Lion King. Ìbòjú Mufasa, ọba kìnnìún, kò bo ojú òṣèré. Òkè orí ló wà, ojú ọkùnrin náà hàn kedere lábẹ́ rẹ̀, o sì ń wo kìnnìún àti èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Scar, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, tún ní ẹ̀rọ nínú: bí inú bá ń bí i, orí kìnnìún náà á sọ̀kalẹ̀ wá síwájú ojú òṣèré bí ẹni fẹ́ bu èèyàn jẹ, á tún padà sókè. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu tàbí ní Ìmẹ̀kọ ti mọ irú ìwòran bẹ́ẹ̀, ère lókè, oníjó lábẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n fi oníjó pa mọ́. (Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni Taymor ti rí i o.)

Àgùnfọn tó ń yọ́ rìn kọjá, èèyàn kan ló gun igi àgéré lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́. Koríko pápá, àwọn oníjó ló ru ú sórí. Nígbà tí ọ̀dá dá, aṣọ aláwọ̀ omi kan ló tẹ́ rìgìdì sí àárín ìtàgé, wọ́n á máa fà á wọnú ihò kan díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi gbẹ. Àwọn abo kìnnìún ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n ń fa rẹ́bọ́ǹnù funfun jáde láti ojú wọn. Ẹ wo fíìmù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ wá fi ibi tí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí wà hàn mí.

Ibi tí agbo ẹran ti tú wọ àfonífojì tí wọ́n tẹ Mufasa pa ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lójú tèmi. Ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ nìyẹn nínú fíìmù, ó sì gba àwọn oníkọ̀ǹpútà Disney ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran wá sórí pákó. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n to àwọn ẹran kéékèèké sára òpó róbótó tó ń yí ní ẹ̀yìn pátápátá. Àwọn tó tóbi díẹ̀ wà níwájú wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn oníjó tó gbé ìbòjú ńláńlá bẹ́ sójú agbo, tí ọmọdékùnrin tó ń ṣe Simba, ọmọ Mufasa, sì ń sáré lójú kan náà. Títóbi tí wọ́n ń tóbi sí i yẹn ni ojú rẹ ń kà sí pé wọ́n ń sún mọ́ ọ. Òkè pátápátá ni mo jókòó sí, níbi tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, mo ń rí ọgbọ́n tí wọ́n dá kedere láti ibẹ̀. Àyà mi ṣì já. Ọmọ àbúrò mi tó mọ fíìmù náà lórí di apá mi mú, ó ń bi mí bóyá Mufasa máa kú.

Orin ńkọ́? Marùn-ún ni Elton John àti Tim Rice kọ sínú fíìmù. Èyí tó gbé eré orí ìtàgé ró jù lọ, ọwọ́ Lebo M, ọmọ South Africa, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló ti wá, látinú àwo orin kan tó jáde ní 1995. Wọ́n ń kọrin ní Zulu, Xhosa, Sotho àti Tswana. (Kò sí Yorùbá níbẹ̀, ó sì dùn mí díẹ̀.) Taymor rí i pé kò sí obìnrin tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà, ló bá sọ Rafiki, ọ̀bọ inú ìtàn náà, di obìnrin. Eré náà ṣí ní Broadway, àdúgbò tíátà ńlá ní New York, ní gbọ̀ngàn New Amsterdam, ní November 13, 1997. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó gba àmì ẹ̀yẹ Tony mẹ́fà, Taymor sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ti olùdarí eré olórin. London ti ń wò ó láti 1999, wọn ò sì tíì kó o kúrò.

Àwọn kan á ní ọmọdé ló ń fa òbí lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn á ní tíkẹ́ẹ̀tì ti wọ́n jù. Ó wọ́n lóòótọ́. Kí nìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ti pé òkìkí fíìmù tó láti gbé eré, ẹ gbọ́ ná. Kò pẹ́ tí Frozen jáde ní 2013 tó fi di kátúùnù tó pa owó jù lọ láyé nígbà náà. Ti orí ìtàgé ṣí ní Broadway ní March 2018. Nígbà tí Kòrónà ti gbogbo gbọ̀ngàn pa ní 2020, Disney kéde láàárín oṣù díẹ̀ pé Frozen kò ní padà wá. The Lion King àti Aladdin padà. Ní ti The Little Mermaid, wọ́n wọ bàtà onítáyà fún àwọn òṣèré kí wọ́n lè máa yọ̀ kiri bí ẹja. Kò pé ọdún méjì, wọ́n ti kógbá sílé. Tarzan rọ̀ sórí okùn ní Broadway ní 2006, ó sì tán ní July 2007. Gbogbo wọn ló lókìkí, gbogbo wọn ló lórin táwọn ọmọ mọ̀.

Mo gbà pé Beauty and the Beast kò jìnnà púpọ̀ sí fíìmù rẹ̀, ó sì lo ọdún 13 ní Broadway. Tarzan náà tún lọ pẹ́ gan-an ní Hamburg, ní Germany, èyí tí kò bá àlàyé mi mu tó bí mo ṣe fẹ́. Àmọ́ ẹ tún wo Beauty and the Beast yẹn dáadáa. Nínú fíìmù, àwọn ìránṣẹ́ ààfin ti di àwo àti aago tán kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Lórí ìtàgé, wọn kò lè sọ èèyàn di ife tíì, wọ́n sì yí ìtàn padà: ojoojúmọ́ ni èèyàn inú wọn ń dín kù, tí ara wọn ń di igi àti irin díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù tó wà nínú ìyẹn kò sí nínú kátúùnù. Tony kan ṣoṣo tí eré náà gba, ti Ann Hould-Ward tó ṣe aṣọ eré ni.

Bí ó bá sì ṣì dá ẹ̀gbọ́n mi lójú pé owó ọ̀fẹ́ ni, Shrek wà níbẹ̀. Fíìmù rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba Oscar ti fíìmù kátúùnù gígùn tó dára jù lọ. Ìròyìn ní wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là sórí ti Broadway. Ó ṣí ní December 2008, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní January 2010 lẹ́yìn ìgbà 441 péré. Kí wọ́n lọ béèrè owó ọ̀fẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tó dáwó sí i.