Onílé Ni Kí Òfin Mú

Bí iná bá jó ilé tí ẹ̀mí sì bá a lọ, ohun tí aráyé máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná tàbí ẹni tó tan àbẹ́là sílẹ̀ tó sùn lọ. Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi onílé pé: kí lo ṣe sínú ilé yìí tí ì bá ta àwọn tó sùn jí?

Èéfín ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kú sínú iná ilé, ọwọ́ iná gan-an lè má tíì kàn wọ́n. Imú ẹni tó ti sùn wọra kì í sábà gbóòórùn èéfín, bẹ́ẹ̀ ni carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín náà, kò lóòórùn rárá. Bí àga onífóòmù bá sì gbiná, àyè tó kù fún ẹni tó fẹ́ sá jáde lè má tó ìṣẹ́jú 3.

Nítorí náà, aago èéfín, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dún gan-an bí èéfín bá kàn án, kì í ṣe ohun tí ayálégbé máa rà bó bá wù ú. Onílé ni kó so ó mọ́ àjà, ní ìpele ilé kọ̀ọ̀kan àti nínú yàrá tí wọ́n ń sùn. Láti 2015 ni òfin ti mú onílé tó ń gba ayálégbé ní England láti fi ó kéré tán ẹyọ kan sí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ti ayálégbé ni pé kó máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lóṣooṣù, kó má sì yọ bátìrì rẹ̀ sí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Tó bá pé ọdún 10, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Irin ojú fèrèsé ńkọ́? A ò ní kí wọ́n yọ ọ́, a mọ̀ pé olè ń bẹ. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n jó mọ́ ògiri pa ti sé ará ilé mọ́lé pẹ̀lú iná. Ó kéré tán, kí irin fèrèsé kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, láìwá kọ́kọ́rọ́.

Ayálégbé náà ní tirẹ̀. Bí òróró bá gbiná, ẹ má da omi sí i: omi á rì sísàlẹ̀, á di ooru lójijì, á sì fọ́n òróró tó ń jó káàkiri. Ẹ pa sítóòfù, ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ má ṣí i títí á fi tutù. Ẹ máa ti ilẹ̀kùn yàrá bẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, torí ó ń dá èéfín dúró. Bí èéfín bá ti gba ilé, ẹ rákò jáde, kí ẹ pe panápaná níta. Ẹni tó bá ti jáde kò gbọdọ̀ padà wọlé nítorí fóònù tàbí ìwé ẹ̀rí.

Kí àwọn aṣòfin kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí onílé tó gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ayẹ̀lé-wò gbọ́dọ̀ ti tẹ aago náà kó dún, kó sì ti dúró nínú yàrá ṣí irin fèrèsé fúnra rẹ̀.