“Fi Omi Sí I”: Ìmọ̀ràn Tó Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́ Nílé Ìtẹ̀wé

Bí ẹ bá gba Ṣómólú kọjá lọ́sàn-án, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ti fara kọ́ra, ẹ máa gbọ́ ọ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀: “Fi omi sí i!” Pléètì, irin pẹlẹbẹ tí ohun tí a fẹ́ tẹ̀ wà lójú rẹ̀, ló ń dọ̀tí. Ibi tó yẹ kó funfun lórí bébà ti ń gbé íńkì, ó wá dà bí aṣọ funfun tí wọ́n fọ̀ pọ̀ mọ́ àdìrẹ. Máṣíníìsì á na ọwọ́ sí ibi omi, á ṣí i sí i, bíi ogún bébà á jáde, ojú ìwé á mọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró tì í ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò lò títí ọjọ́ alẹ́: pléètì tó bá ń dọ̀tí, omi ni kò tó o.

Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún mélòó kan, kò sì ṣòro láti gbà gbọ́. Pléètì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé offset tí à ń lò kò ní lẹ́tà tó yọ sókè bí ti òjé àtijọ́. Ibi tó ní ọ̀rọ̀ àti ibi tó ṣófo dọ́gba pẹrẹsẹ; ibi tó ṣófo ń di omi mú, ibi tó ní ọ̀rọ̀ ń gba íńkì tó jẹ́ ọlọ́ràá. Orí òkúta ni Alois Senefelder ti kọ́kọ́ rí ọgbọ́n yìí dìmú ní Jámánì ní 1796. Òkúta ti di alumíníọ́mù lónìí, ọgbọ́n náà ò yí padà. Nígbà tó jẹ́ omi ló ń lé íńkì, ta ni kò ní rò pé omi púpọ̀ yóò lé e dáadáa?

Ẹ wo ẹni tó ń po ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Epo àti omi kì í ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pò ó lápòpọ̀, epo á wọ inú ẹ̀wà lílọ̀ títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn rólà ṣe ń po omi mọ́ íńkì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín wákàtí kan. Ìwọ̀nba omi ò burú nínú íńkì, kò tiẹ̀ sí bí kò ṣe ní wọ ibẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí íńkì lẹ̀ mọ́, tí dúdú á fi di eérú. Máṣíníìsì á rí i pé àwọ̀ ti ṣá, á ṣí íńkì sí i. Íńkì pọ̀, pléètì tún dọ̀tí. Ó tún yá, omi. Kó tó pẹ́, omi àti íńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán, ẹni tó gbé iṣẹ́ wá sì jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wo aago.

Lórí ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ kan, GTO tàbí Kord tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ìyà náà tún le. Bí iṣẹ́ bá ní àwọ̀ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bébà kan ń kọjá nínú ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń mu omi. Bébà tó bá sì ti mu omi máa ń fẹ̀. Nígbà tí pupa yóò bá fi bọ́ sórí búlúù, ojú àwòrán ti di méjì, a ó wá máa bú ẹni tó ṣe pléètì.

Lóṣù Kejìlá ọdún kan, mò ń tẹ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ̀rún kan. Búlúù ló wà lórí ẹ̀rọ. Apá òsì bébà ń dọ̀tí láti orí dé ìdí, ìlà kan tó fẹ̀ tó ìka méjì. Mo ṣí omi. Apá òsì mọ́, apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Mo ti tẹ bí irínwó kí ojú mi tó là, àwọn tí mo sì tò sílẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn, búlúù ti ìsàlẹ̀ ti ta sí ẹ̀yìn ti òkè. Bàbá kan tó ń wa Kord ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló yọjú.

“O kú iṣẹ́. Kí ló dé tí bébà rẹ ń làágùn báyìí?”

“Bàbá, ó ń dọ̀tí ni. Mo ti fi omi sí i títí.”

“Apá ibo ló ń dọ̀tí?”

“Apá òsì nìkan, sà.”

“Ṣé apá òsì nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ ni?”

Ó ní kí n pa ẹ̀rọ. Ó ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ó ki ọ̀kan sáàárín pléètì àti dámpà, ìyẹn rólà aláṣọ tó ń fi omi pa pléètì, lápá òsì, ó ki èkejì sí apá ọ̀tún, ó ní kí n fà wọ́n. Ti ọ̀tún le díẹ̀ kó tó tẹ̀lé mi lọ́wọ́. Ti òsì yọ bọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé kò sí ohun tó dì í mú. Ọmọ iṣẹ́ ló pààrọ̀ aṣọ dámpà lálẹ́ àná, kò sì mú apá òsì padà síbi tó wà. A yí ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí fífà bébà méjèèjì fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni Bàbá dín omi mi kù sí bí ìdajì. Ojú bébà mọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Irínwó ti àkọ́kọ́, èmi ni mo fi owó ara mi ra bébà mìíràn dí i.

Láti ọjọ́ náà, ibi tí ìdọ̀tí wà ni mò ń wò kí n tó fọwọ́ kan omi. Bó bá jẹ́ ìlà tó gùn láti orí dé ìdí bébà lápá kan, dámpà ni kí ẹ lọ bá: bóyá kò tẹ̀ dọ́gba, bóyá aṣọ rẹ̀ ti gbó tàbí ó ti mu íńkì yó. Ìlà tó bá dábùú bébà, rólà íńkì ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ sọ rólà lé pléètì, kí ẹ sì tún gbé e kúrò. Ojú íńkì tó fi sílẹ̀ kò yẹ kó fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 3 sí 4 lọ, kó sì rí bákan náà láti òsì dé ọ̀tún. Èyí tó bá bo gbogbo ojú ìwé fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ fi kànìnkànìn olómi nù ún tó kúrò tó tún padà, tí omi inú àwo sì ti ń gba àwọ̀ íńkì, omi gan-an ló ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn.

Nípa omi yìí, mo mọ àwọn tó ń tú píọ̀ wọ́tà sínú ẹ̀rọ, wọ́n ní torí pé ó mọ́. Ó mọ́ lóòótọ́, kò kàn kan ni. Oògùn omi tí à ń rà ní jẹ́ríkéènì, tí à ń pò mọ́ omi ẹ̀rọ, ní kíkan àti gọ́ọ̀mù nínú, òun ló ń jẹ́ kí ibi tó ṣófo lórí pléètì máa fa omi mọ́ra. Ẹ ra bébà ìdánwò tó ń yí àwọ̀, ẹ tì í bọ omi. pH ni òṣùwọ̀n kíkan; bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó. pH 4.5 sí 5.5 ló bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn náà mu. Omi lásán máa ń wà ní tòsí 7. Ẹ má sì tú oògùn ní àtúdànù o, nítorí bó bá kan jù, íńkì ò ní tètè gbẹ. (Oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù lókè Ọya ni gọ́ọ̀mù tí mò ń wí yìí. Ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń tà á fún ayé.)

Ní ti bẹntiróòlù tí àwọn kan fi ń fọ rólà, ohun tó ń ṣe fún rólà, ọ̀tọ̀ ni ìwé rẹ̀. Kí n kàn sọ pé kì í fọ gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú bébà kúrò. Àwọn wọ̀nyí ló ń gan mọ́ ojú rólà, tí yóò fi máa dán gbinrin tí kò ní gba íńkì mọ́. Iná tó lè ràn nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún fún bébà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa pléètì kí omi orí rẹ̀ tó gbẹ dànù. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá bá ní ìhòòhò, ìpata á mú un tóótòòtó, tóótòòtó náà ni yóò sì máa gbé íńkì, bí ẹ tú odò Ògùn lé e lórí.

Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti jókòó, mo máa ń rọra dín omi kù títí etí bébà yóò fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀tí, n óò wá gbé e sókè bíńtín. Ibẹ̀ ni mo ń fi sí. Mo ti fi máákà fa ìlà sí ara ẹ̀rọ níbi tí ọwọ́ omi sábà máa ń dúró. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti yí i kọjá ìlà yẹn, kó pa ẹ̀rọ, kó wá pè mí.