Ẹsẹ̀ bàtà 30 kì í ṣe ìwọ̀n bí ẹ̀dá ìtàn ṣe lè sáré tó

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe eré orí tábìlì, irú èyí tí olúkúlùkù ti ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń hùwà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá ìtàn kan, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tí kò bá dájú, gbà gbọ́ pé nọ́ńbà tí ìwé òfin kọ fún ìrìn ń ṣàpèjúwe bí ara ẹ̀dá náà ṣe lágbára tó. Wọ́n á ní bí ìwé bá ti sọ pé ènìyàn ń rin ẹsẹ̀ bàtà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6, bí ayé inú ìtàn náà ṣe rí nìyẹn, ohunkóhun tí ìṣirò bá sì mú jáde láti inú rẹ̀, òótọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Èrò yìí kò tọ̀nà, ìwé òfin gan-an ni ó sì kọ́kọ́ ń tako ó.

Ẹ jẹ́ kí a mú Dungeons & Dragons, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Nínú àtẹ̀jáde karùn-ún, tí ó jáde ní 2014, abala ìjà kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 6, ènìyàn sì lè rin ẹsẹ̀ bàtà 30 nínú rẹ̀. Bí ó bá yan Dash, ìyẹn ni pé ó fi àǹfààní tí ì bá fi jà sáré, yóò di 60, èyí tí ó jẹ́ mítà 18 àti díẹ̀. Bí a bá di òfin yìí mú bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, akọni tí ó ti pa dírágónì, tí kò sì ru ẹrù kankan, yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 33 kí ó tó sá mítà 100 tán, èyí tí Usain Bolt sá ní 9.58 ní ìlú Berlin lọ́dún 2009. Ọmọ ilé-ìwé tí kì í ṣe eléré ìdárayá rárá yóò fi akọni náà sẹ́yìn.

Kí wá ni 30 yìí? Ẹsẹ̀ bàtà 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá 6 jẹ́ 300 nínú ìṣẹ́jú kan, ìwé òfin kan náà sì kọ 300 yìí sínú àtẹ ìrìn àjò gẹ́gẹ́ bí ìrìn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nǹkan bíi máìlì 3 ní wákàtí kan. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni. Ó bá ẹni tí ó di ohun ìjà mú, tí ojú rẹ̀ ń ṣọ́ ọ̀tá, tí ó sì tún fẹ́ ṣá ẹnìkan kí abala náà tó parí, mu dáadáa. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ẹni náà ṣe lè sáré tó bí ọ̀nà bá là tí ikú sì ń lé e bọ̀. Ẹni tí ó mọ ìtàn eré yìí kò ní ṣe kàyéfì. Láti ara eré ogun, nínú èyí tí wọ́n ti ń to ère ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì, ni Gary Gygax àti Dave Arneson ti mú un jáde ní 1974, íǹṣì ni wọ́n sì fi ń wọn ìrìn nígbà náà. Íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 10 nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, ó sì dúró fún yáàdì 10 ní ìta gbangba. Ẹni tí ó bá rọ̀ mọ́ ìyẹn láìyẹsẹ̀ yóò ní láti gbà pé ìyára ẹ̀dá kan náà ń di ìlọ́po mẹ́ta ní kété tí ó bá jáde kúrò nínú ihò.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹni tí ó ṣubú. Òfin ní ẹni tí ó wà nílẹ̀ yóò ná ìdajì ìrìn rẹ̀ kí ó tó lè dìde dúró, nítorí náà ẹni tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 30 yóò ná 15. Ká ní onídán wá fi Haste ràn án lọ́wọ́, tí ìrìn rẹ̀ di 60, ìdìde kan náà, láti orí ilẹ̀ kan náà, yóò wá gba 30 lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bàtà inú òfin bá jẹ́ ilẹ̀ gidi, a jẹ́ pé bí ènìyàn bá ṣe yára tó ni ìdìde yóò ṣe ná an tó, èyí tí kò mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á sí ìpín àkókò, gbogbo rẹ̀ bára mu: ìdìde gba ìdajì àyè tí olúkúlùkù ní láti fi rìn nínú abala náà, yálà ó yára tàbí ó lọ́ra. Owó ìnáwó ni ẹsẹ̀ bàtà yìí jẹ́, wọ́n kàn fi orúkọ ilẹ̀ pè é ni.

Pátákó alápòótí, èyí tí wọ́n ń to àwọn ẹ̀dá ìtàn sí nígbà ìjà, ń tú àṣírí yìí pẹ̀lú. Àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, òfin tí ọ̀pọ̀ ń lò sì ka ìgbésẹ̀ láti igun sí igun sí 5 pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ó lé ní 7 nínú ìṣirò. Ẹni tí ó bá gba igun sí igun kọjá àpótí 6 ti rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 42 pẹ̀lú ìrìn 30. Àtẹ̀jáde kejì ti Pathfinder, eré mìíràn irú èyí, tí ó jáde ní 2019, ń ka àkọ́kọ́ sí 5 àti èkejì sí 10. Ìyẹn sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, ó sì ń fa kíkà sẹ́yìn díẹ̀.

Ibi tí kíkà láìyẹsẹ̀ yìí ti lókìkí jù ni àbá kan tí àwọn olùṣeré ti ń gbé kiri tipẹ́. Wọ́n á ní kí àgbẹ̀ 2,000 tò, kí ẹsẹ̀ bàtà 5 wà láàárín ẹnìkan àti èkejì, kí olúkúlùkù sì lo Ready láti múra sílẹ̀, kí ó gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì nà án sí ẹni iwájú. Níwọ̀n bí gbogbo rẹ̀ ti wáyé nínú abala kan, ọ̀kọ̀ náà ti rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6, ó ti yára ju ìró lọ, nítorí náà bí àgbẹ̀ ìkẹyìn bá jù ú, ó yẹ kí ó wó odi. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n ti yí ẹjọ́ padà. Títí dé ọwọ́ àgbẹ̀ ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni wọ́n gbà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè yá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó wá ku jíjù, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n gbé físíìsì. Bí wọ́n bá dúró ti ìwé dé òpin, dáìsì olójú mẹ́fà kan péré ni ìwé fún ọgbẹ́ ọ̀kọ̀ tí a jù, àgbẹ̀ 2,000 kò sì fi nǹkan kan kún un. Bí ó bá sì jẹ́ pé físíìsì ni wọ́n fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, abala náà yóò ti parí kí ọ̀kọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ogún. Ìwé atọ́nà olùdarí eré, ìyẹn ẹni tí ń sọ ìtàn tí ó sì ń ṣe ìdájọ́ nídìí tábìlì, èyí tí ó jáde ní 2024, dìídì mẹ́nu kan irú ìlà ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé òfin eré kì í ṣe òfin físíìsì.

Èrò mìíràn tí ó bá èyí tan ni pé àwọn yòókù dúró bí ère nígbà tí ó bá kan ẹnìkan. Nítorí pé à ń ṣe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, àwọn kan gbà pé olè tí ó ti sá ẹsẹ̀ bàtà 60 dúró sójú kan, ó ń retí ẹni tí ń lé e bọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá 6 kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ìdí nìyẹn tí òfin ìjà fi ń dójú tini bí a bá fi ṣe ìlépa. Àwọn tí ó kọ ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ òfin ìlépa lọ́tọ̀ sínú ìwé atọ́nà ti 2014: olúkúlùkù lè lo Dash ní ìgbà 3, kí a ro ìfaradà rẹ̀ mọ́ ọn, bí ó bá kọjá ìyẹn, yóò máa ju dáìsì kí a lè mọ̀ bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí nọ́ńbà ìjà bá jẹ́ òótọ́ nípa ara ènìyàn, kí ni wọ́n tún ń wá tí wọ́n fi kọ òmíràn?

N kò sọ pé kí olùdarí eré máa yí nọ́ńbà bó ṣe wù ú. Nínú ìjà, ẹni tí ó fi tafàtafà rẹ̀ sí àpótí kẹsàn-án sí oníkùmọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé 30 náà, kò sì yẹ kí a já a kulẹ̀: oníkùmọ̀ kò ní lè lù ú lábala yìí, bí ó tilẹ̀ lo Dash. Nígbà tí ìjà bá sì parí, tí oníkùmọ̀ kan náà ń sáré lọ sí ẹnubodè kí wọ́n tó tì í, kí olùdarí eré palẹ̀ pátákó mọ́, kí ó sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kí ó sì ní kí ó ju dáìsì.