Wọ́n Fún Òjò Ní Ìràwọ̀ Kan

(Alẹ́ ni. Bàbá Tóbi na gbalaja sórí àga, fóònù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ lójú. Àtàárọ̀ ló ti ń ka rífíù, ìyẹn ohun táwọn èrò kọ, nípa ọkọ̀ kúrúùsì, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń gbafẹ́, ojú ẹ̀ ti pọ́n bíi tẹni tó sunkún. Ìyá Tóbi ń ká aṣọ. Tóbi ọmọ wọn wà ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú laptop ẹ̀.)

BÀBÁ TÓBI: Ìyá Tóbi! A ò lọ mọ́ o.

ÌYÁ TÓBI: Ibo la ò lọ mọ́?

BÀBÁ TÓBI: Kúrúùsì yẹn. Mo ti fagi lé e lọ́kàn mi. Gbọ́ nǹkan tí ẹnì kan kọ síbí, ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún ló fún wọn o, ó ní, "Ìsinmi tó burú jù láyé mi, ọjọ́ méje la lò, òjò rọ̀ fún mẹ́rin, mi ò wọ ọkọ̀ iléeṣẹ́ yìí mọ́ títí màá fi kú."

ÌYÁ TÓBI: Ṣé iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló ń rọ òjò ni?

BÀBÁ TÓBI: Ẹ̀n...

ÌYÁ TÓBI: Mo bi yín ni. Àbí wọ́n gbé táǹkì òjò sórí ọkọ̀, tí wọ́n kàn ń ṣí ẹ̀rọ sí èrò lórí?

BÀBÁ TÓBI: Ó ṣáà yẹ kí wọ́n ti wojú ọjọ́ kí wọ́n tó gbéra. Ó dáa, fi ìyẹn sílẹ̀. Òmíì rèé, ìràwọ̀ kan náà: "Olè ni wọ́n! Wọ́n gbowó mi, wọn ò jẹ́ kí n wọkọ̀, wọ́n dójú tì mí níwájú ìyàwó mi." Ṣó o gbọ́? Níwájú ìyàwó ẹ̀ o!

TÓBI: Dádì, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

BÀBÁ TÓBI: (ó ń fi ìka fà á lọ sísàlẹ̀, ohùn ẹ̀ náà ń lọ sísàlẹ̀) "...wọ́n ní pásípọ́ọ̀tù mi ti ẹ̀kísípáyà láti oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo tẹ pásípọ́ọ̀tù."

ÌYÁ TÓBI: Ẹni tí ò fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn ọkọ̀ ló ń sọ bí inú ọkọ̀ ṣe rí fún yín láti àárọ̀.

(Èmi tí mò ń kọ eléyìí, mo mọ irú wọn. Wọ́n wà nídìí gbogbo ọjà. Ọ̀kan fún bàtà ní ìràwọ̀ kan torí pé ẹsẹ̀ òun tóbi ju nọ́ńbà tóun fúnra ẹ̀ mú lọ.)

BÀBÁ TÓBI: Ó dáa o, mo ti rí àwọn tó ń yìn ín. Ìràwọ̀ márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún, ilẹ̀ kún! "Ọkọ̀ tó dára, òṣìṣẹ́ tó dára, a gbádùn ara wa gan-an." Èyí tó tẹ̀lé e: "Ọkọ̀ tó dára, òṣìṣẹ́ tó dára, a gbádùn ara wa gan-an." Èyí tó tún tẹ̀lé e... (ó dákẹ́)

ÌYÁ TÓBI: Ẹ máa kà á lọ, ó ń dùn mọ́ mi.

BÀBÁ TÓBI: Ọ̀rọ̀ wọn ló ṣọ̀kan. Ìṣọ̀kan ò sì burú.

TÓBI: Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́?

BÀBÁ TÓBI: Tuesday. Ẹni kejì, Tuesday. Ẹni kẹta... Tuesday yẹn náà ni.

ÌYÁ TÓBI: Ẹgbẹ́ akọrin ni.

TÓBI: Mo wo orúkọ wọn, kò sẹ́ni tó kọ rífíù míì rí láyé ẹ̀ nínú wọn. Irú ẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣòfin ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ló gbé e jáde ní 2024, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 21 ọdún yẹn, ẹni tó bá ta rífíù irọ́, ẹni tó bá rà á, ọ̀gá tó bá ní kí òṣìṣẹ́ òun lọ kọ ọ́ bíi pé oníbàárà ni, ìtanràn ń dúró dè wọ́n. Ìlú Ọba náà ti fi tiẹ̀ lé e láti April 6, 2025.

BÀBÁ TÓBI: Ó parí! Tófin bá ti débẹ̀, irọ́ ti tán nìyẹn. Gbogbo èyí tó bá ṣẹ́ kù, òótọ́ ni.

ÌYÁ TÓBI: Òfin pé kí wọ́n má jalè náà ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ sì ń ti ilẹ̀kùn lálaalẹ́.

BÀBÁ TÓBI: Ṣùgbọ́n irọ́ ò lè pọ̀ tó yẹn. Èèyàn mélòó ló máa jókòó pa á pọ̀?

TÓBI: Ha, Dádì. Ní London ní 2017, ọkùnrin kan, Oobah Butler, tí wọ́n ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀ pé kó máa kọ rífíù irọ́, ó mú ahéré inú ọgbà ilé tó ń gbé, ó sọ ọ́ ní The Shed at Dulwich, ó ní ilé oúnjẹ ni. Kò sí oúnjẹ, kò sí oníbàárà. Fọ́ómù tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n wà nínú ohun tó fi ya fọ́tò oúnjẹ, ọ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé gìgísẹ̀ ẹ̀ ni, ó gbé ẹyin lé e lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń kọ rífíù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ni nọ́ńbà kìíní nínú gbogbo ilé oúnjẹ London lórí TripAdvisor, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ rífíù.

BÀBÁ TÓBI: Gìgísẹ̀?

TÓBI: Àwọn èèyàn ń pè é lórí fóònù, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó fún àwọn ní tábìlì.

(Bàbá Tóbi wo gìgísẹ̀ ara ẹ̀. Ó fa ibọ̀sẹ̀ bò ó.)

BÀBÁ TÓBI: Kò burú, a ò ka ìwé mọ́, fídíò la ó máa wò. Fídíò ò lè parọ́. Ọmọbìnrin kan rèé, ẹ wò ó, ó ń rìn kiri inú sùúìtì, ó ń fọwọ́ pa kọ́tìnì lórí, ó jókòó sí bákónì, omijé ayọ̀ bọ́ lójú ẹ̀.

ÌYÁ TÓBI: Ta ló sanwó sùúìtì?

BÀBÁ TÓBI: Òun náà ni, ta ló tún kù?

TÓBI: Dádì, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wínníwínní yẹn. "Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló gbà mí lálejò."

ÌYÁ TÓBI: Ẹnu tó jẹ dòdò ò lè sọ òdodo.

BÀBÁ TÓBI: Ṣùgbọ́n omijé yẹn, omijé gidi ni.

ÌYÁ TÓBI: Èmi náà á sunkún tí wọ́n bá fún mi ní sùúìtì lọ́fẹ̀ẹ́. Kábìnì tí ò ní fèrèsé lẹ ní ká gbà, ẹ wá ń wo ẹni tó wà ní bákónì. Kí ni tiẹ̀ kàn wá?

BÀBÁ TÓBI: (ó bú sẹ́rìn-ín, ó dìde jókòó) Mo mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì á ṣe báyìí. Ìdí tí mo fi fi ọ̀gá wọn pamọ́ nìyẹn. Ẹ gbọ́ orúkọ: Ọba Òkun. Lórí ìkànnì táwọn arìnrìnàjò ti ń dá ara wọn lóhùn, wọ́n kọ Ádímírà, ọ̀gá àwọn ọ̀gá ojú omi, síwájú orúkọ ẹ̀, ó ní ìdákọ̀ró wúrà mẹ́ta. 14,212!

ÌYÁ TÓBI: 14,212 kí ni? Ìrìnàjò?

BÀBÁ TÓBI: Ọ̀rọ̀. Iye ìgbà tó ti dá àwọn èèyàn lóhùn nìyẹn. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré.

ÌYÁ TÓBI: Tóbi, bá mi ṣírò ẹ̀.

TÓBI: Bíi mẹ́rin lójúmọ́, Sunday pẹ̀lú.

ÌYÁ TÓBI: Ìgbà wo ló wá ń ráyè wọkọ̀?

BÀBÁ TÓBI: Ádímírà mà ni!

TÓBI: Dádì, ẹni bá ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń fún ní oyè yẹn, wọn ò bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀.

BÀBÁ TÓBI: Ẹ fetí sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tuntun kan tó yàtọ̀ sí tiwa: "Omi púùlù tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo fún un ní mẹ́rin." Ṣé irọ́ nìyẹn? Ẹni tó rin gbogbo inú ọkọ̀ já!

TÓBI: (ó ń tẹ laptop) Kí lorúkọ ọkọ̀ yẹn, sà? Ẹ̀n-ẹ́n. Dádì... ọkọ̀ yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kàn án o. Fọ́tò ẹ̀ rèé, wọ́n ṣì ń jó irin ẹ̀ pọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ kó èrò.

(Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.)

ÌYÁ TÓBI: Abájọ tí omi púùlù fi tutù.

(Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi kéèyàn máa gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ kékeré.)

ÌYÁ TÓBI: Ẹ jẹ́ n wo àwọn oníràwọ̀ mẹ́ta.

BÀBÁ TÓBI: Ta ló ń ka oníràwọ̀ mẹ́ta? Àwọn tí ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́.

ÌYÁ TÓBI: Ẹni tínú ń bí àti ẹni tórí ẹ̀ ń wú ló máa ń sáré kọ nǹkan. Àwọn yòókù ti lọ sùn.

TÓBI: Òótọ́ ni Mọ́mì sọ. Ẹ wo Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní January 2024, ó lè gba èrò 7,600 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá ka ogójì rífíù lórí ọkọ̀, ẹ ní ẹ ti gbọ́ tẹnu gbogbo wọn.

ÌYÁ TÓBI: Ẹ gbọ́ ti obìnrin yìí. Oṣù tó kọjá ló kọ ọ́. "Dẹ́ẹ̀kì kẹsàn-án la wà, abẹ́ púùlù gan-an. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àga lórí wa, gbrrr, gbrrr, ojoojúmọ́. Dúrọ́ọ̀ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì máa ń dún kọ́kọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá ti ń mì, mo ká bébà kan sí mẹ́rin mo fi há a, ó dákẹ́. Omi ìwẹ̀ gbóná dáadáa. A ò dé èbúté kejì torí atẹ́gùn, inú ọkọ mi ò dùn, èmi sùn ní tèmi. Màá tún lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe kábìnì yẹn." (ó gbé fóònù sílẹ̀) Eléyìí wọkọ̀.

BÀBÁ TÓBI: Báwo lo ṣe mọ̀?

ÌYÁ TÓBI: Dúrọ́ọ̀. Onírọ́ á sọ pé òkun dára, á sọ pé òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, onírọ́ wo ló máa rántí dúrọ́ọ̀ kejì? Ẹni tí ò róorun sùn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn.

BÀBÁ TÓBI: Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lórí èbúté kejì. Wọ́n sanwó èbúté, wọn ò dé èbúté!

TÓBI: Ó wà nínú àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì, Dádì, kápíténì lè fo èbúté tójú ọjọ́ ò bá dáa. Ẹni tí ò kà á ló ń bínú.

BÀBÁ TÓBI: Kápẹ́ẹ̀tì tó ya ńkọ́? Mo rí ẹnì kan tó ní kápẹ́ẹ̀tì ya láti iwájú dé ẹ̀yìn.

TÓBI: 2018 ló kọ ìyẹn. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ yẹn sórí ilẹ̀ tún ṣe látìgbà náà, kápẹ́ẹ̀tì yẹn ò sí láyé mọ́.

BÀBÁ TÓBI: (ohùn jẹ́jẹ́) Èébì ńkọ́? Ẹnì kan ní gbogbo ọkọ̀ ló ń bì.

TÓBI: Ìyẹn ò gba rífíù. Àjọ CDC tó ń rí sí ìlera ará ìlú ní Amẹ́ríkà máa ń já wọ inú ọkọ̀ tó bá ń ti ilẹ̀ òkèèrè gúnlẹ̀ sí èbúté wọn, tó bá ti ń kó èrò 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n á yẹ ilé ìdáná wò, wọ́n á yẹ omi púùlù wò. Máàkì 100 ni, tó o bá gba 85 wálẹ̀, o ti féèlì, gbogbo ayé sì lè kà á. Tí inú bá ń yọ èèyàn 3 nínú 100 lẹ́nu, wọ́n á gbé ìyẹn náà síta. Ọkọ̀ wa yìí gba 97.

BÀBÁ TÓBI: Mẹ́ta tó kù ńkọ́? Mo fẹ́ mọ ibi tí mẹ́ta yẹn wọlẹ̀ sí.

ÌYÁ TÓBI: Bàbá Tóbi, èébì tiyín ò nílò kòkòrò kankan. Ọkọ̀ ojú omi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tá a wọ̀ níjọ́sí, wọn ò tíì tú okùn ẹ̀ tẹ́ ẹ ti bì sí mi lára.

BÀBÁ TÓBI: Okùn yẹn ló ń fà wá síwá sẹ́yìn!

TÓBI: Ẹ gba kábìnì àárín, dẹ́ẹ̀kì ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni kì í mì púpọ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn ló máa ń gòkè sọ̀.

ÌYÁ TÓBI: Ẹ ti gbọ́. Àárín, ìsàlẹ̀, ibi tó jìnnà sí púùlù. Ó ti yá, mo fẹ́ sùn.

(Ìyá àti ọmọ wọlé lọ. Bàbá Tóbi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú fóònù. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè níbi tí àwọn arìnrìnàjò ti ń dá ara wọn lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́, yàrá wo ló dáa fún ẹni tó máa ń bì?" Bàbá Tóbi ti ẹnu mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ìka kan, ìka kan.)

BÀBÁ TÓBI: "Ẹ gba àárín... dẹ́ẹ̀kì ìsàlẹ̀. Ẹ sá fún abẹ́ púùlù... wọ́n máa ń wọ́ àga láàgo márùn-ún ààbọ̀. Tí dúrọ́ọ̀ kejì bá ń dún... ẹ ká bébà sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi há a."

(Èsì dé wàràwàrà: "Ẹ ṣé gan-an sà! Ti dúrọ́ọ̀ yẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ ti wọkọ̀ lóòótọ́, àwọn onírọ́ ti pọ̀ jù níbí. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti lọ, sà?" Bàbá Tóbi ronú díẹ̀.)

BÀBÁ TÓBI: "Mi ò... kà á... mọ́."

(Fóònù dún, tiiin! Oyè tuntun: Atukọ̀, Ìpele Kìíní.)

ÌYÁ TÓBI: (láti inú yàrá) Bàbá Tóbi, kí ló ń dún níbẹ̀ yẹn?

BÀBÁ TÓBI: Dúrọ́ọ̀ ni.